Owó Oníṣẹ́ Ojú Òpó: Kí Gan-an Ni À Ń San Án Fún?

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ojú òpó ayélujára, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì, pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo mú mẹ́ta nínú wọn, nítorí pé ohun tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ń bi ara wọn kiri ìgboro Èkó ni wọ́n bèèrè, wọ́n sì bèèrè rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ bò. Ti àkọ́kọ́ ni n ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

*Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òkè ni mo ń tà ní ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Orí WhatsApp àti Instagram ni ọmọ mi ti ń bá mi gbé àwòrán ọjà sí, a sì ń rí oníbàárà díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi ṣe ojú òpó fún wa, mo sì fún un ní ₦40,000, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà n kò tíì rí ẹnìkan ṣoṣo tí ó ti ibẹ̀ wá. Wọ́n ní kí n gbé iṣẹ́ náà fún akọṣẹ́mọṣẹ́. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Yábàá ní ₦450,000 ni òun yóò gbà. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Èrè tí mo ń jẹ lórí aṣọ ẹbí ìdílé kan, tí ọjà bá dára, kò ju ₦60,000 lọ. Kí ni ẹni náà fẹ́ ṣe tí ọmọ àbúrò mi kò lè ṣe? Ṣé Instagram kò tó ni? Àdírẹ́sì ojú òpó wa nìyí nísàlẹ̀, ẹ bá mi wò ó. Èmi ni, Oníṣòwò aṣọ òkè, Balógun.*

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ẹ ṣeun tí ẹ fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́, nítorí pé ó jẹ́ kí n lè wo ojú òpó yín bí oníbàárà yóò ṣe wò ó. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, láàárín Ojúẹlẹ́gba sí CMS, nígbà tí mo ṣí i lórí fóònù mi. Mo ń kà lọ́kàn bí mo ṣe ń dúró, mo sì ti ka mẹ́tàlélógún kí àwòrán àkọ́kọ́ tó yọ, sányán kan tí ó rẹwà púpọ̀ tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì. Àwòrán méjìlá ló wà lójú ewé náà. Nígbà tí mo délé, mo wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe tóbi tó, mo sì rí i pé bí kámẹ́rà fóònù ṣe yà wọ́n gẹ́lẹ́ ni a ṣe gbé wọn síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mẹ́rin lọ́nà méjìlá jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ọjà yín ní láti ná mẹ́gábáìtì 48 nínú dátà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà, kí ó tó mọ̀ bóyá àwọ̀ tí òun ń wá wà lọ́dọ̀ yín. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò dín àwòrán wọ̀nyẹn kù títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fi ní ju 200 kílóbáìtì lọ (bíi ẹgbẹ̀rún kan kílóbáìtì ló wà nínú mẹ́gábáìtì kan), ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù. Àwọn méjèèjìlá pátá kò ní tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta. Ní ọdún 2016, Google gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé, nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún tí ènìyàn bá fi fóònù ṣí ojú òpó, mẹ́tàléláàádọ́ta ni wọn yóò pa á tì bí ó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kí ó tó ṣí. Tiyín gbà ju ogún lọ.

Mo tún wá nọ́ńbà yín kí n lè pè yín. Mo rí i, ṣùgbọ́n inú àwòrán pátákó ṣọ́ọ̀bù yín ni nọ́ńbà náà wà, nítorí náà bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, fóònù kò pè. Ó di dandan kí n wá bírò, kí n kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, kí n tó wá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó dúró lórí ìlà ọkọ̀, tí ó gbé àpò lọ́wọ́ kan, kò ní ṣe wàhálà yẹn láé.

N kò sọ èyí láti bú ọmọ àbúrò yín o. Ọmọ náà gbìyànjú, ohun tí ₦40,000 lè ṣe ló ṣe: ó mú ètò ojú òpó tí àwọn kan ti ṣe sílẹ̀, ó kọ orúkọ yín sí i, ó gbé àwòrán yín lé e. WordPress ló lò, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ti wà láti ọdún 2003, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ń bèèrè ₦450,000 yẹn lo WordPress kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Irinṣẹ́ kọ́ ni ẹ ń sanwó fún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ra aṣọ òkè lọ́wọ́ yín kò ṣe sanwó fún òfì tí wọ́n fi hun ún.

Iṣẹ́ tí owó náà wà fún máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣe ojú òpó fún aránṣọ kan ní Sùúrùlérè. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí ó jẹ́ kí a jọ ka ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ sí i lórí WhatsApp. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń kà á sókè, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kí a tó ka ti ọ̀sẹ̀ méjì tán, ó ti hàn sí àwa méjèèjì pé ìbéèrè márùn-ún péré ni gbogbo wọn ń bi í: èló ni owó ìránṣọ, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, ṣé ó lè wá wọn ènìyàn nílé, ṣé ó ní aṣọ nílẹ̀ àbí kí wọ́n mú tiwọn wá, àti pé ibo gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ìkẹrin yẹn ló ń gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ènìyàn yóò bèèrè ní òwúrọ̀, òun wà nídìí ẹ̀rọ, kò ní rí i títí di alẹ́, kí ó tó fèsì, ẹni náà ti bá ẹlòmíràn lọ. Ó dákẹ́ nígbà tí ó rí i, ó tún ka àwọn ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún yẹn ni a fi ṣe ojú ewé àkọ́kọ́, a sì kọ ọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ fún ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ẹwà ni a fi kẹ́yìn.

Bí ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní Yábàá bá mọṣẹ́, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yóò kó bá yín. Ènìyàn mélòó ló kéré jù tí ẹ lè gba aṣọ ẹbí wọn? Ṣé Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ń hun ún fún yín, ọ̀sẹ̀ mélòó sì ni àwọn ahunṣọ nílò? Ṣé gèlè àti ìpèlé nìkan ni, àbí odidi ìró àti bùbá, agbádá àti fìlà? Bí àwọ̀ tí ó dé kò bá bá èyí tí wọ́n yàn mu, kí ni ẹ máa ń ṣe? Bí kò bá bi yín ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tí ó kàn ń fi ojú òpó olówó ńlá hàn yín, tí àwòrán ń fò lọ tí ó ń fò bọ̀ lórí rẹ̀, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀. Owó ńlá nìkan kò sọ ènìyàn di akọṣẹ́mọṣẹ́.

Ẹ bèèrè bóyá Instagram kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Balógun ni ọ̀rọ̀ yìí yóò yé jù. Àwọn ọmọ tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, tí wọ́n ń pe ènìyàn pé kí wọ́n wá wo aṣọ, iṣẹ́ wọn wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fà wọlé gbọ́dọ̀ bá ṣọ́ọ̀bù nínú. Instagram ni ọmọ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ má ṣe lé e lọ, ẹ sì má ṣe sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà jákèjádò ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ìrọ̀lẹ́ ni ní Èkó níbí, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba owó ọjà. Nínú oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kò sì ṣí i títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Àwọn tí ó kó gbogbo oníbàárà wọn sí ibẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, síbẹ̀ oṣù méje gbáko ni ìsọ̀ wọn fi wà ní títì.

Ọ̀rọ̀ wíwá náà tún wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan ní Houston, ní Amẹ́ríkà, tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ aago méjì tàbí mẹ́ta òru ní Èkó. Ẹ̀yin ti sùn, ọmọ tí ń bá yín dá àwọn ènìyàn lóhùn náà ti sùn. Kò mọ̀ yín rí, kò sì sí bí yóò ṣe mọ orúkọ yín lórí Instagram. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò tẹ “aṣọ òkè” àti “Lagos” sínú Google. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sójú ewé ni Google ń gbára lé jù láti mọ ohun tí ojú ewé náà dá lé, nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé àwòrán nìkan ló wà lórí ojú òpó yín, bí ó ṣe rí báyìí, kò sí ohun tí yóò darí obìnrin náà wá. Bí ó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀, yóò rí àkọlé kan lókè tí ó ń sọ fún un pé ojú òpó yìí kò ní ààbò. Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni Chrome, ètò Google tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣí ojú òpó, ti ń fi àkọlé yẹn sára gbogbo ojú òpó tí kò ní ìwé ẹ̀rí ààbò, èyí tí ó máa ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì di “https”. Ọ̀fẹ́ ni a ti lè gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́dọ̀ Let’s Encrypt, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó parí, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yóò ṣètò rẹ̀ kí ó máa tún ara rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó fẹ́ san owó aṣọ ogójì ènìyàn láti òkè òkun yóò sá fún àkọlé yẹn, bí aṣọ náà ti wù kí ó dára tó.

Lórí owó gbígbà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ náà so ojú òpó náà mọ́ ilé iṣẹ́ ìsanwó bíi Flutterwave tàbí Paystack, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó níbí kí Stripe ti Amẹ́ríkà tó rà á ní ọdún 2020. Wọn yóò yọ owó díẹ̀ lórí ohun tí a bá san. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti rí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú rí mọ ohun tí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn fìdí owó múlẹ̀ fún yín kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Nọ́ńbà káàdì oníbàárà kò sì ní sí lọ́dọ̀ yín rárá. Àdírẹ́sì ilé wọn àti ìwọ̀n ara wọn tí ó máa wà lọ́dọ̀ yín, òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni nípa ènìyàn kan àwọn náà, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn fún ẹlòmíràn.

Ohun kan wà tí ó jẹ mí lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò bèèrè rẹ̀. Ojú òpó yín kọ orúkọ àwọn aṣọ náà láìsí àmì, ní ibi méjì pàápàá, àpótí kékeré òfìfo ló yọ dípò lẹ́tà. Àwọn lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo. A ní láti fi àmì ohùn lé lẹ́tà lórí ni, ọ̀pọ̀ irú ìkọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́ǹtì, tí àwọn òyìnbó ṣe kò sì mọ bí wọn yóò ṣe gbé àmì náà jókòó dáadáa. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín pé kí ó yan irú ìkọ̀wé tí ó gba àmì wa. Ẹni tí ń ta ẹtù, àlàárì àti sányán kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹtù aṣọ di ẹ̀tù ìbọn lójú oníbàárà.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣírò owó náà. Ojú òpó tí a bá ṣe dáadáa lè lo ọdún mẹ́ta kí a tó ní láti tún un ṣe tìdítìdí. ₦450,000 tí a bá pín sí oṣù mẹ́rìndínlógójì jẹ́ ₦12,500 lóṣù. Níwọ̀n bí ẹ ti ń jèrè ₦60,000 lórí aṣọ ẹbí ìdílé kan, ìdílé mẹ́jọ láàárín ọdún mẹ́ta yóò dá owó náà padà, yóò sì ṣẹ́kù. N kò lè ṣèlérí pé ìdílé mẹ́jọ yóò wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé pẹ̀lú ojú òpó tí ẹ ní báyìí, ẹyọ kan kò lè wá. Owó kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ fún ènìyàn tẹ́lẹ̀, ìyẹn owó orúkọ ojú òpó àti owó ààyè tí ojú òpó ń gbé, èyí tí a ń san lọ́dọọdún. Ẹ bi oníṣẹ́ náà léèrè èló ni, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ sì lè bá a ná an, ìyá wa, ẹ̀yin kúkú ni ẹ mọ̀ ọ́n ná jù. Aṣọ òkè tí a máa ń hun lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti yàn án kò nílò ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára ńlá tí ó ní ọgọ́rùn-ún ọjà nínú. Ojú ewé mẹ́rin tó: èyí tí ó ń dáhùn ìbéèrè, èyí tí ó ń fi aṣọ hàn pẹ̀lú iye tí owó rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ènìyàn ti lè kọ iye ènìyàn, àwọ̀ àti ọjọ́ ayẹyẹ sílẹ̀, àti èyí tí ó júwe ìsọ̀ yín láti CMS títí dé ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ ní kí ó fún yín ní àdírẹ́sì ojú òpó mẹ́ta tí ó ti ṣe rí. Ẹ má ṣe wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ o. Orí fóònù tiyín ni kí ẹ ti ṣí wọn, nínú ọjà, ní ọ̀sán, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Kí ẹ sì pe ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni wọ́n.

*Ọ̀gá mi, mo ń ta oúnjẹ ní Ojúẹlẹ́gba, ìrẹsì, àmàlà àti ẹ̀bà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun yóò ṣe ojú òpó fún mi ní ₦300,000, pé gbogbo ènìyàn ló ti ń ṣe é. Ṣé kí n yá owó ẹgbẹ́ láti san án? Olóúnjẹ, Ojúẹlẹ́gba.*

Rárá, màmá, ẹ má ṣe yá owó ẹgbẹ́ fún un. Ìdí tí mo fi gba ẹni ìṣáájú nímọ̀ràn pé kí ó sanwó ni pé oníbàárà rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn, ohun tí ó ń tà gba àlàyé, owó rẹ̀ sì pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn tiyín ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ kí wọ́n tó yà. Ohun tí ẹ nílò ni kí ẹni tí ń wá oúnjẹ ní Ojúẹlẹ́gba lè rí yín lórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan bá yín ṣe é: kí ó fi orúkọ, nọ́ńbà fóònù, aago tí ẹ ń ṣí àti aago tí ẹ ń tì sí i, kí ó ya àwòrán oúnjẹ náà ní ọ̀sán gangan nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà. Google yóò ní kí ẹ fi hàn pé ẹ̀yin ni ẹ ni ibẹ̀ lóòótọ́, kí ẹ má ṣe dúró lágbedeméjì. Ọjọ́ tí àwọn ọ́fíìsì Yábàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè oúnjẹ àádọ́ta ènìyàn lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ní kí ẹ kọ iye owó ránṣẹ́, ẹ tún kọ̀wé sí wa.

*Olóòtú, ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Ṣómólú, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ni a ń tẹ̀ jù. Akọṣẹ́mọṣẹ́ ni mo gbé ojú òpó mi fún, mo sanwó pé, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, oníbàárà ń ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni náà ti lọ sí Kánádà, kì í gbé fóònù mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ojú òpó náà kò ṣí mọ́. Ó parí sí .com.ng, òun ló rà á. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn? Atẹ̀wé, Ṣómólú.*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, nítorí pé ẹ ṣe ohun tí ó yẹ, ẹ wá ẹni tí ó mọṣẹ́, ẹ sì sanwó rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ nìkan ni ẹ kò gbà. Nǹkan méjì ló so pọ̀ níbí tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Orúkọ ojú òpó jẹ́ ohun kan, ààyè tí ojú òpó ń gbé jẹ́ òmíràn, ọdọọdún ni a sì ń san owó àwọn méjèèjì. Ó dà bí ẹni pé ẹni náà kò san ọ̀kan nínú wọn mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lónìí, nítorí pé orúkọ tí owó rẹ̀ bá ti parí tí kò sí ẹni tí ó san án yóò padà di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà. NiRA ni àjọ tí ó ń bójú tó gbogbo orúkọ tí ó bá parí sí .ng. Ibi ìwádìí kan wà lórí ojú òpó wọn tí wọ́n ń pè ní WHOIS. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ojú òpó yín síbẹ̀, yóò fi ilé iṣẹ́ tí a ti rà á hàn yín àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ parí. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, ẹ fi ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ òwò yín láti CAC, rìsíìtì owó tí ẹ san fún oníṣẹ́ náà, àti ẹ̀dà kàlẹ́ńdà kan tí ẹ tẹ àdírẹ́sì náà sí ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní Kánádà, ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, pé kí ó fọwọ́ sí i kí orúkọ náà di tiyín. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe ọ̀tá; ímeèlì tí wọ́n fi ń rán an létí ni kò ṣí mọ́. Bí ó bá di aáwọ̀, NiRA ní ìlànà fún yíyanjú aáwọ̀ lórí orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn máa ń pẹ́, ó sì ń náni lówó.

Ní ti ohun tí ó wà lórí ojú òpó náà, ẹ lọ sí ibi tí Internet Archive ń tọ́jú àwọn ojú ewé àtijọ́ sí, ìyẹn web.archive.org, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì yín síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ya ẹ̀dà rẹ̀ rí, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àti àwòrán yín níbẹ̀, oníṣẹ́ tuntun yóò sì lè fi wọ́n tún un kọ́ láìbẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Èyí yóò dín owó rẹ̀ kù, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Lọ́dọ̀ oníṣẹ́ tuntun yẹn, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ojú ewé kan tó. Kí ó wà níbẹ̀ pé orúkọ ojú òpó náà àti gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti ilé ìtẹ̀wé yín, pé ẹ ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà pátá, àti pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi fi ọwọ́ ara yín wọlé láìsí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ra orúkọ náà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó jókòó tì yín nígbà tí ẹ ń rà á, pẹ̀lú káàdì yín, nọ́ńbà fóònù yín, àti ímeèlì tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ kan tí ó lè kúrò lọ́la. Ọjọ́ tí owó náà yóò tún parí, ẹ kọ ọ́ ní pupa sórí kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ sì tún kọ ọ́ sí oṣù tí ó ṣáájú rẹ̀.